Ahéré Létí Adágún: Bí Àwọn Èèyàn Dúdú Ṣe Rí Ibi Sùn Nínú Igbó Michigan

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àti ẹ̀yin yòókù tí ẹ máa ń yà síbí láti kàwé, ẹ ti rí fọ́tò tí wọ́n ya mí níbi tí mo ti ń la igi ìdáná pẹ̀lú fìlà lórí, èyí tí ẹnì kan nínú yín ń gbé kiri lórí WhatsApp pé Prof ti di agégẹdú. Ó yẹ kí n sọ bí ó ṣe jẹ́.

Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Detroit ló pè mí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin lọ́hùn-ún. Ó ní, "Prof, ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ sí àríwá. A ó sùn ní kábíìnì létí adágún fún ọjọ́ mẹ́ta." Mo bi í pé ṣé iná wà níbẹ̀. Ó ní gílóòbù kan wà. Omi ńkọ́? Ó ní pọ́ǹpù tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ wà níta, kò jìnnà. Ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣáláńgá ni o, Prof, ṣùgbọ́n ó mọ́." Mo wá bi í pé èló ni wọ́n ń gbà. Nígbà tó dárúkọ owó, mo ní kó tún un sọ. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní abà kòkó, tó sá kúrò níbẹ̀ lọ kàwé kó lè máa sùn nílé tó lómi, ni wọ́n ní kó wá san dọ́là kó lè padà sí ahéré!

Mo lọ ṣá. Mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ahéré yẹn ju ohun tí mo rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kábíìnì jẹ́. Ilé kékeré onígi ni, yàrá kan tàbí méjì. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì wà níbẹ̀, tábìlì kan, bẹ́ǹṣì, àti sítóòfù onírin tí wọ́n ń fi igi dá. Gbogbo nǹkan yòókù, ìwọ lo máa gbé e wá: aṣọ ìbora, ìkòkò, àwo, ọṣẹ, tọ́ọ̀ṣì, oúnjẹ. Ẹni tó bá sùn sínú àgọ́ aláṣọ, ilẹ̀ ló sùn sí, òjò sì lè wọlé bá a. Ẹni tó bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un. Àárín àwọn méjèèjì ni kábíìnì wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Michigan ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń háyà fún ará ìlú nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ wọn, àwọn aládàáni náà sì ní tiwọn.

Nígbà tí mo rí i, ahéré ló wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Láyé àwọn bàbá wa, ìlú ni ilé wà. Ìlú ni ẹbí wà, ọjà wà, ààfin wà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń sin òkú sí. Iṣẹ́ ló ń gbé èèyàn lọ sí oko, bí oko bá sì jìnnà, á sùn ní ahéré títí di ọjọ́ ọdún. Ẹni tó bá pẹ́ jù ní oko, àwọn ará ilé á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di ará oko. Tiwọn ní Michigan, òdìkejì ni. Ìlú ni iṣẹ́ wà, ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tàbí ní ọ́fíìsì. Ahéré ni wọ́n ń lọ torí ìsinmi. Ẹni tó ní ahéré létí omi láàrin wọn, ẹni ńlá ni. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Michigan ní adágún tó lé ní 11,000 láàrin ilẹ̀ rẹ̀, láìka àwọn adágún ńláńlá mẹ́rin tó yí i ká. Yìnyín ló ṣe é. Láyé àtijọ́, yìnyín bo gbogbo agbègbè yẹn mọ́lẹ̀, èyí tó nípọn ju kìlómítà kan lọ. Nígbà tí ayé ń móoru, ní nǹkan bí ọdún 10,000 sí 15,000 sẹ́yìn, yìnyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó ń fà sẹ́yìn lọ sí àríwá, omi tó ń ṣàn láti ara rẹ̀ sì ń da iyanrìn sílẹ̀. Àwọn òkìtì yìnyín ńlá kan já kù sẹ́yìn, iyanrìn sì bò wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀, ẹ rántí àwọn tó ń ta yìnyín oníbúlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń fi àpò ìdọ̀họ wé e kó má baà tètè yọ́. Bí iyanrìn yẹn ṣe ṣe nìyẹn. Àwọn òkìtì náà pẹ́ kí wọ́n tó yọ́ tán, nígbà tí wọ́n sì yọ́, iyanrìn tó wà lórí wọn rì wọlẹ̀, ihò kù síbẹ̀, omi kún un. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn adágún náà fi rí roboto, tí etí wọn fi jẹ́ iyanrìn, tí omi wọn sì mọ́ gaara.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ iyanrìn kì í mú àgbàdo jáde bó ṣe yẹ. Igi páìnì ló fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, àwọn Odawa, Ojibwe àti Potawatomi tí wọ́n ń pe ara wọn ní Anishinaabe, ni wọ́n ti ń pa ẹja, tí wọ́n ń dẹ igbó níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní 1836, ìjọba Amẹ́ríkà mú kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó gba ilẹ̀ tó pọ̀ gidigidi lọ́wọ́ wọn, tó fi mọ́ ibi tí mo lọ yìí. Àtọmọdọ́mọ wọn ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Lẹ́yìn àdéhùn náà ni àwọn agégẹdú dé. Páìnì funfun, igi tó ga, tó gún régé, tó sì fúyẹ́ tí kì í rì sínú omi, ni wọ́n ń wá. Nígbà òtútù ni wọ́n ń gé e, wọ́n á fi ẹṣin wọ́ ọ lórí yìnyín dé etídò. Bí yìnyín bá sì ti yọ́, odò Manistee tàbí Muskegon á gbé ìtì igi náà lọ sí ilé ìlagi. Nígbà tí iná jó Chicago ní October 1871, pákó Michigan wà lára ohun tí wọ́n fi tún ìlú náà kọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ọjọ́ kan náà yẹn, ọjọ́ 8 oṣù October, ni iná jó ìlú Manistee àti Holland ní Michigan fúnra rẹ̀, torí pé ẹ̀ka igi tí wọ́n gé sọ nù ti gbẹ sílẹ̀ káàkiri. Nígbà tó fi máa di 1900, igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Grayling, nínú ọgbà Hartwick Pines, wọ́n ṣẹ́ éékà 49 kù tí wọn kò gé. Ẹ ronú sí i: gbogbo igbó tó bo ìdajì ìpínlẹ̀, éékà 49 ni wọ́n ń mú ọmọ lọ wò báyìí kó lè mọ bó ṣe rí.

Àwọn tó ra ilẹ̀ lẹ́yìn àwọn agégẹdú gbìyànjú láti dáko, ilẹ̀ kò gbà. Kùkùté àti iyanrìn ló kù. Ilẹ̀ wá di ọ̀pọ́. Àwọn oníṣòwò kan wò ó pé bí ilẹ̀ yìí kò bá lè bọ́ èèyàn, ó ní omi. Ọkọ̀ ojú irin ti wà, mọ́tò ń bọ̀, àwọn ará ìlú ńlá sì ń wá ibi sinmi. Ohun tó sọ etí adágún di ibi ìgbafẹ́ nìyẹn. Ìjọba gba ibi tó kù, wọ́n sì dá igbó ìjọba Manistee sílẹ̀ ní 1938. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ìjọba gbà síṣẹ́ nígbà ọ̀dá owó, láàrin 1933 sí 1942, ni wọ́n gbin ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìnì padà. Ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú igbó tó dà bí ìgbà ìwáṣẹ̀ lójú mi yẹn, díẹ̀ ló fi dàgbà jù mí lọ. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, mo rí i pé àwọn igi náà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà.

Wàyí o, ta ló lè sùn létí omi yẹn?

Ìpínlẹ̀ Michigan ti ṣòfin láti 1885 pé kò gbọdọ̀ sí ilé oúnjẹ tàbí ilé àlejò tó máa lé èèyàn dànù nítorí àwọ̀. Òfin náà wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn létí adágún ní 1920, tó jẹ́ èèyàn dúdú, wọ́n á sọ fún un pé yàrá ti kún. Ẹ fojú inú wo dókítà kan ní Chicago, tàbí olùkọ́ kan ní Cleveland, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Ford ní Detroit. Ó lówó lọ́wọ́, ó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, ó ní ọmọ mẹ́ta tí kò tíì rí igbó rí, kò sì síbi tí wọ́n máa gbà á sí.

Ní 1912, àwọn òyìnbó kan tí wọ́n ń ta ilẹ̀ rí ọjà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gba ilẹ̀ iyanrìn létí adágún ní Lake County, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú kékeré tó ń jẹ́ Baldwin, wọ́n sọ ibẹ̀ ní Idlewild, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn èèyàn dúdú. Mi ò ní sọ pé ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ilẹ̀ tí kò lérè ni, wọ́n sì rí ẹni tí wọ́n máa tà á fún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, wọ́n fún ẹni tó rà á ní ìwé ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọmọ onílẹ̀ ṣe pọ̀ ní Ìkòròdú tàbí Ìbàfò, ẹ mọ bí ìyẹn ti ṣe pàtàkì tó.

Iye tí wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì kan ni dọ́là 35. Èèyàn á kọ́kọ́ san dọ́là 6, á sì máa san dọ́là kan lóṣù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: oṣù 29 ni, ọdún méjì àti oṣù márùn-ún. Fífẹ̀ pulọ́ọ̀tì náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25, gígùn rẹ̀ 100. Ó kéré, àbí? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọṣọ fún olówó lè rà á. Àwọn aṣojú ń lọ láti ìlú dé ìlú láti tà á, ọ̀pọ̀ ló sì rà á láìtíì dé ibẹ̀ rí.

Àwọn ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ síbẹ̀ fún àlejò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi ń pè wọ́n ní ilé ajá. Ilé ajá! Mo rí ọ̀kan. Bí mo bá na ọwọ́ méjèèjì, ó ku díẹ̀ kó kan ògiri. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rántí ahéré bàbá mi, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń sùn sí níbi tí wọ́n kó kòkó gbígbẹ sí. Ẹni tí kò mọ ìtàn ibẹ̀ á ní ìyà ló mú kí èèyàn sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó sùn síbẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó dáa wá, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láti Chicago, wọ́n sì sùn láìsí pé ẹnikẹ́ni máa wá kan ilẹ̀kùn lóru pé kí wọ́n jáde.

Èèyàn pàtàkì tó kọ́kọ́ ra ilẹ̀ ńlá níbẹ̀ ni dókítà Daniel Hale Williams. Òun ló dá ilé ìwòsàn Provident sílẹ̀ ní Chicago ní 1891, nítorí pé kò síbi tí àwọn ọmọbìnrin dúdú ti lè kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ló ti la àyà ọkùnrin kan tí wọ́n gún lọ́bẹ ní 1893, ó rán awọ tó bo ọkàn rẹ̀, ọkùnrin náà sì yè. Ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ abẹ ọkàn tó kọ́kọ́ yọrí sí rere láyé ni. Dókítà yìí fẹ̀yìn tì sí Idlewild, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1931. Erékùṣù kékeré kan wà nínú adágún náà tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè dòní. Charles Chesnutt, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, ń ti Cleveland wá síbẹ̀ nígbà ooru. W. E. B. Du Bois náà ra ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì kọ̀wé yin ibẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Crisis ní 1921. Du Bois yìí kan náà ló wá dàgbà tán tó kó wá sí Gánà, tó kú sí Accra ní 1963. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó fi ọdún púpọ̀ wá ibi tó ti lè jókòó ní àlàáfíà ni.

Láàrin 1940 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960, ibẹ̀ kò dákẹ́ mọ́. Àwọn olórin wá: Della Reese, Jackie Wilson, àti àwọn Four Tops kí wọ́n tó di olókìkí. Ilé ijó Paradise àti Flamingo ń kún fọ́fọ́. Lọ́sàn-án, èèyàn á wẹ̀ nínú adágún, á gun ẹṣin, á pa ẹja. Lálẹ́, á wọ bàtà títàn, á lọ jó. Èmi ò ní gùn ún síbí, ẹni tó bá fẹ́ ijó àti orin á rí i kà níbi púpọ̀. Ohun tó jẹ mí lógún ni bí wọ́n ṣe ń dé bẹ̀. Láti Detroit, ìrìn wákàtí púpọ̀ ni nígbà yẹn, lójú ọ̀nà tí èèyàn dúdú kò mọ ilé epo tó máa jẹ́ kó lo ilé ìyàgbẹ́. Ìyá á se adìẹ, á se ẹyin, á gbé omi, á gbé páànù sẹ́yìn mọ́tò fún àwọn ọmọ. Láti 1936, Victor Green, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ lẹ́tà, ń tẹ ìwé kan jáde tó ń to orúkọ àwọn ibi tí èèyàn dúdú lè sùn sí láìní wàhálà. Òun ni wọ́n ń pè ní Green Book. Ìwé tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbé dání kó tó lè lọ sinmi!

Ọjọ́ 2 oṣù July 1964 ni Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú. Láti ọjọ́ náà, òfin gbogbo orílẹ̀-èdè ni pé ilé àlejò kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀, agbára ìjọba àpapọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò dà bíi ti 1885. Àwọn tó ń lọ sí Idlewild bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbòmíràn. Wọ́n lọ sí Las Vegas, wọ́n lọ sí Florida, wọ́n lọ sí adágún tí wọ́n ti ń lé wọn kúrò tẹ́lẹ̀. Àwọn olórin tẹ̀lé owó. Ilé ijó tì. Láàrin ọdún mélòó kan, ìlú tí èèyàn tó tó 25,000 máa ń wà ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà ooru di ibi tí ọgọ́rùn-ún mélòó kan ń gbé.

Àwọn kan máa ń sọ pé òfin ló pa Idlewild. Mi ò fara mọ́ ọn tán. Òfin ṣí ilẹ̀kùn, èèyàn sì gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí wọ́n jà fún nìyẹn. Ṣé ká wá sọ pé ó yẹ kí wọ́n dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ilé ijó má baà tì? Ṣùgbọ́n mo gbà pé nǹkan kan bọ́ sọ nù tí kò yẹ kó bọ́. Ilẹ̀ ni. Ijó lè kó lọ síbòmíràn, ilẹ̀ kì í kó lọ.

Ibí lọ̀rọ̀ ti kan ilé. Ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú ni, ará Detroit. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó mú àpò kékeré kan jáde látinú ẹrù rẹ̀. Ó ti kọ́ láti máa pè mí ní Bàbá. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo èyí." Risíìtì ni wọ́n, bébà tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ni wọ́n. Dọ́là kan, dọ́là kan, dọ́là kan. Mo kà wọ́n, mo rí 26; mẹ́ta ti sọ nù. Ìyá àgbà náà ń ṣe iṣẹ́ ilé fún àwọn olówó, ó sì ra pulọ́ọ̀tì kan. Ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé pákó kékeré síbẹ̀. Ìyàwó ọmọ wa yìí rántí ilé náà, ó rántí òórùn páìnì àti ariwo ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ìyá àgbà kú, àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin ló ń san owó orí ilẹ̀. Nígbà tí òun náà kú, olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ń san án. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ẹbí, ẹ mọ gbólóhùn yẹn dáadáa. Kò sẹ́ni tó san án. Ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ìjọba tà á.

Mo bi í pé èló ni a san fún kábíìnì tí a jókòó sí yìí. Ọkọ rẹ̀ dáhùn. Owó alẹ́ kan péré ju gbogbo owó tí ìyá àgbà fi ra ilẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé dọ́là ayé ìgbà náà kì í ṣe dọ́là òde òní, mo sì sọ ọ́ fún wọn, torí olùkọ́ ò lè ṣe kó má sọ irú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí gedegbe fún ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ ọmọ ibẹ̀, tàbí tí ẹ fúnra yín ń ra ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní Michigan lónìí, bí owó orí ilẹ̀ kò bá wọlé fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ilé ẹjọ́ lè gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ onílẹ̀. Kò sí pé ẹbí á pàdé nílé àgbà, kò sí pé wọ́n á dúró de Mọ́gàjí. Lẹ́tà ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé, bí ẹni tó wà nínú ìwé bá sì ti kú, àfàìmọ̀ kí lẹ́tà náà má dé ọ̀dọ̀ alààyè kankan. Ẹ yí orúkọ padà nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì lè buwọ́ lùwé. Ẹ kọ ẹni tó máa san án sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè risíìtì lọ́dọọdún.

Ó ku ti àwọn tó ti kọ̀wé sí mi pé àwọn náà fẹ́ lọ. Ìgbà ooru ni kí ẹ lọ, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní òpin June, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ títí di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, ó sì dà bí ẹni pé ọjọ́ kọ̀ kò lọ. Ẹ̀fọn wọn kì í gbé ibà bíi tiwa, ṣùgbọ́n ó ń jẹni ju tiwa lọ. Eégbọn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó kéré, ó ń fara pamọ́ sẹ́yìn orúnkún àti sábẹ́ abíyá, ó sì lè kó àrùn Lyme ran èèyàn. Ẹ yẹ ara ọmọ wò lálẹ́ bí ẹ ṣe ń yẹ ajá wò. Béárì dúdú wà nínú igbó náà. Kì í wá jà, oúnjẹ ló ń wá, nítorí náà ẹ má fi kúlà sílẹ̀ níta, ẹ má sì gbé ẹran yíyan sùn sínú àgọ́.

Ẹ má gbé igi ìdáná láti ìlú lọ. Èyí ya èmi náà lẹ́nu. Kòkòrò kan tó ti Éṣíà wá, tó ní àwọ̀ ewé, ni wọ́n rí lẹ́bàá Detroit ní 2002. Ó ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún igi ash láti ìgbà náà, inú igi ìdáná tí àwọn èèyàn ń gbé lẹ́yìn mọ́tò ló sì fi ń rin ìrìn àjò. Ibi tí ẹ bá dé ni kí ẹ ti ra igi.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti èéfín. Bí òtútù bá mú yín lóru, ẹ má gbé ààrò eléèédú wọ inú kábíìnì láéláé, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́bàá fèrèsé. A ti sin ọ̀pọ̀ ẹbí nílé nítorí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà ní bàràńdà, gbogbo wọn sùn, wọn kò jí. Gáàsì carbon monoxide yẹn kò lóòórùn, kò láwọ̀, kò sì mọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí Mushin. Sítóòfù onígi tí wọ́n kọ́ mọ́ ilé ní páìpù tó ń gbé èéfín jáde. Òun nìkan ni kí ẹ dá. Kí ẹ tó sùn, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí gáàsì náà bá pọ̀ wà lára ògiri, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Tiwa kò ké nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Bátìrì rẹ̀ ti kú. A yọ ti tọ́ọ̀ṣì mi sínú rẹ̀, mo sì fi òkùnkùn lọ sí ṣáláńgá lóru ọjọ́ náà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, ìyàwó ọmọ wa ní kí a yà sí ibi tí ilé ìyá àgbà wà. Ilé kò sí mọ́. Páìnì ti hù níbẹ̀, ó ti ga. Ó rìn láti etí títì wọ inú, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè, títí ó fi dé ibi tó rò pé ilẹ̀kùn wà, ó sì dúró síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ tẹ̀lé e, mo dì í lápá mú. Ẹyẹ kan ń ké lórí omi, èyí tí wọ́n ń pè ní loon. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń pe ẹlòmíràn láti òdìkejì odò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ṣa èso páìnì kan nílẹ̀, ó kó o sínú àpò risíìtì, ó padà wá wọ mọ́tò. Ó bi mí pé ṣé ebi ò tíì pa Bàbá. Mo ní ebi ń pa mí.